Kí Ni Iṣẹ́ Eléyìí?

Nọ́ọ̀sì yẹn ò bínú. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn. Àbúrò mi ti da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì: páálí oògùn apàrora méjì, ike oògùn oorun tí orúkọ ara rẹ̀ ti bó, lẹ́búlẹ́bú funfun díẹ̀ tí wọ́n ta ní kókó sínú ọ̀rá, àti ìgò ọtí pẹlẹbẹ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dorí kodò. Mo ń retí kí obìnrin náà káwọ́ lérí kó pariwo. Ó kàn fa bébà kan yọ, ó la ìlà sí i láàárín, ó mú hóró kan nínú páálí àkọ́kọ́, ó wo ojú àbúrò mi, ó ní: "Kí ni iṣẹ́ eléyìí?"

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí èmi àti àbúrò mi ti ń fa ọ̀rọ̀ oògùn yìí nígbà náà. Mi ò bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Èyí tí èmi máa ń bi í ni pé, "Kí ló dé tí ẹyọ kan ò tó ọ?" Ó dún bí ìbéèrè létí, àmọ́ èébú ni. Òun náà mọ̀ pé èébú ni, ìdí nìyẹn tí kò fi dá mi lóhùn rí.

Ó dá nọ́ọ̀sì lóhùn. Ó ní oògùn apàrora yẹn ò ṣe òun ní ohun ìgbádùn kankan mọ́, ó ti pẹ́. "Mà, bí mi ò bá lò ó, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ara mi á máa gbọ̀n, imú mi á máa ṣomi, màá máa yàgbẹ́ gbuuru, màá máa làágùn nínú òtútù. Òun ni mo fi ń dìde." Ó kan oògùn oorun. "Tí mi ò bá lo èyí, mo máa ń gbọ́ bí irin ṣe ń run." Jàǹbá ọkọ̀ tó ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ló ń sọ. Mo mọ̀ nípa ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ pé ariwo náà ṣì ń bá a sùn. Ó kan lẹ́búlẹ́bú, kokéènì ni. "Èyí ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjì yẹn máa ń mú mi tòògbé, ọ̀gá mi sì ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì." Nígbà tó kan ọtí, ó dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn wà fún ìgbà tí oògùn bá tán tí owó ò tíì dé."

Nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Orúkọ wà lápá òsì, iṣẹ́ wà lápá ọ̀tún. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ohun tí mo ti ń pè ní ìwà ìbàjẹ́ láti ọdún mẹ́rin wá dà bí ètò òòjọ́ ẹnìkan lójú mi: ohun tí ó fi ń jí, ohun tí ó fi ń rìn, ohun tí ó fi ń sùn, àti ohun tí ó fi ń dí àlàfo tó bá ṣẹ́ kù. Mo ti kà púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ náà. Bébà yẹn ni mo máa ń fi gbogbo ohun tí mo bá kà wọ̀n.

Àwọn oògùn tí mò ń sọ yìí, òpíọ́ìdì ni wọ́n ń pè wọ́n: mọ́fíìnì, kodéènì, tramadol, oxycodone, heroin, fentanyl, methadone. Àwọn kan wá láti ara oje òdòdó popi, àwọn mìíràn jẹ́ àtọwọ́dá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń kàn nínú ọpọlọ. Wọ́n ń pa ìrora, wọ́n ń mú ọkàn fúyẹ́, wọ́n ń mú èémí falẹ̀. Bí ẹni bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, ara á mọ́ wọn. Ìwọ̀n tó ń tù ú lára lánàá kò ní tù ú lára mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara á ti ṣe ètò tirẹ̀ sí i pé oògùn ń bọ̀, tí oògùn ò bá sì dé, ètò yẹn á dojú kọ ẹni tó ni ín. Fún ẹni tó ń lo heroin, ó lè má ju wákàtí 8 sí 24 lọ lẹ́yìn èyí tó lò kẹ́yìn tí ìjìyà náà á fi bẹ̀rẹ̀: ẹran ara á máa ta gìrì, egungun á máa dun ni, oorun á lọ, ìbẹ̀rù á dé láìnídìí. Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbẹ̀rù yẹn ló le jù. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ènìyàn mọ̀ pé òun fẹ́ gbọ́ ìròyìn ikú, tí kò mọ ẹni tó kú.

Nítorí náà, ìbéèrè mi ní ìdáhùn. Ẹyọ kan yẹn ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì ni pé kó má jẹ́ kí àbúrò mi ṣàìsàn. Kò ní ọwọ́ fún iṣẹ́ mìíràn. Ariwo irin ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá ṣì wà níbi iṣẹ́.

Ó yẹ kí n fi kún un pé àwọn tí à ń pè ní oníbárakú kọ́ ló dá àdàpọ̀ oògùn sílẹ̀. Ọwọ́ àwọn oníṣègùn ni wọ́n ti bá a. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Thomas Sydenham, dókítà ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń po òpíọ́mù, oje popi yẹn, pọ̀ mọ́ wáìnì, ó ń fún àwọn aláìsàn mu. Laudanum ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1896, Herbert Snow, dókítà kan ní London, kọ̀wé nípa bí òun ṣe ń fi mọ́fíìnì àti kokéènì tọ́jú àwọn tí àrùn jẹjẹrẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọtí nínú rẹ̀, wá gba orúkọ lára ilé ìwòsàn Brompton ní ìlú kan náà, wọ́n sì ń fún àwọn tó ń kú lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èrò inú rẹ̀ kò ta kókó. Mọ́fíìnì á pa ìrora, kokéènì kò ní jẹ́ kí aláìsàn sùn lọ kó tó kí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó dìgbà. Bí ẹ bá fi èyí wé bébà nọ́ọ̀sì, ẹ ó rí i pé ọ̀kan náà ni. Títí di òní, nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n máa ń fún ènìyàn ní fentanyl pẹ̀lú oògùn oorun lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnìkan jókòó ti orí aláìsàn, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ẹ̀rọ tó ń ka èémí. Àbúrò mi ò ní ẹni tó jókòó tì í. Èmi wà nínú yàrá kejì, mò ń bínú.

Dókítà ọpọlọ kan wà ní Amẹ́ríkà, Edward Khantzian, tó kọ ọ́ ní ọdún 1985 pé ènìyàn kì í ṣàdédé yan oògùn tó di bárakú fún un. Ó ní irú ìrora tó wà nínú ẹni ló ń darí ọwọ́ ẹni síbi tí ó ń lọ: òpíọ́ìdì ń rọ ìbínú àti ìkannú tó ń gbóná nínú ẹlòmíràn, kokéènì sì ń gbé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rì dìde. Mo gbà á gbọ́ dé àyè kan. Mi ò gbà pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà náà wà níbẹ̀, ohun tí ọ̀rẹ́ ń lò wà níbẹ̀, àìlówó wà níbẹ̀. Ọtí àbúrò mi kò ní ìtàn kankan nínú ọkàn rẹ̀. Àìlówó ló ra ìgò yẹn. Àmọ́ ohun tí Khantzian ṣe fún mi ni pé ó kọ́ mi láti máa wo ohun tí oògùn ń dí.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé adùn ni wọ́n ń wá, wọ́n sì ń rí i. Nígbà tí heroin nìkan kò bá ta ẹni lára mọ́ bíi ti àtijọ́, àwọn ẹlòmíràn á po kokéènì mọ́ ọn, kí èyí tó ń gbé ni sókè àti èyí tó ń rọ ni wọlẹ̀ lè pàdé. Àdàpọ̀ yẹn ló pa John Belushi, òṣèré aláwàdà, ní oṣù kẹta ọdún 1982, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 33. Òun náà ló pa River Phoenix ní ọdún 1993, kò ju ẹni ọdún 23 lọ. Àwọn tó ń lò ó máa ń rò pé ọ̀kan á máa pa èkejì lẹ́nu mọ́, pé kokéènì kò ní jẹ́ kí heroin gbé wọn lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Kokéènì kì í pẹ́ lára. Ó lè ti lọ kí wákàtí kan tó pé. Heroin ṣì wà níbẹ̀, ìwọ̀n tí ẹni náà lò sì pọ̀ ju èyí tí ì bá lò lọ, torí pé nígbà tó ń lò ó, kò mọ̀ ọ́n lára.

Ìdí kan wà tí mi ò rò rí títí tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan tó jókòó tì wá lọ́jọ́ kan tí a ń dúró de dókítà. Ó ní ìta ni òun ń sùn. Ó ní tí fentanyl bá gbé òun sùn, wọ́n á jí bàtà ẹsẹ̀ òun, wọ́n á sì ṣe ohun tó ju bàtà lọ. Ìdí nìyẹn tí òun fi ń lo methamphetamine, oògùn amárají, lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú òun lè là mọ́jú. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú omijé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ìdí tí òun fi ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ní ilẹ̀kùn ń fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ohun tí obìnrin yìí ní ló fi ń ti tirẹ̀. Mo ronú nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ni ẹ fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún un? Kó má lo oògùn amárají mọ́, kó máa sùn?

Ó wá kan ọ̀rọ̀ èémí, èyí tó wúwo lọ́kàn mi jù.

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti kan ọ̀pá ẹ̀yìn, ni ohun tó ń darí mímí wà. Bí afẹ́fẹ́ tó yẹ kí á ti mí síta bá ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń pariwo pé kí á mí. Òpíọ́ìdì ń rẹ ohùn ariwo yẹn sílẹ̀. Ọtí àti oògùn oorun irú diazepam àti alprazolam, tí ìdílé wọn ń jẹ́ benzodiazepine, ń gba ọ̀nà mìíràn wọlé, ọ̀nà tí ọpọlọ fúnra rẹ̀ fi ń mú ara rẹ̀ dákẹ́. Ọ̀kan ń mú ariwo rẹlẹ̀, èkejì ń mú ẹni tó yẹ kó gbọ́ ariwo sùn. Ohun tó tún jẹ́ kó burú ni pé ara tètè máa ń mọ́ adùn oògùn ju bó ṣe ń mọ́ ìpalára rẹ̀ sí èémí lọ, kó tó wá di pé èkejì tún dé bá a. Heath Ledger, òṣèré ará Ọsirélíà, kú ní New York ní oṣù kìíní ọdún 2008, ẹni ọdún 28. Oògùn mẹ́fà ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: apàrora méjì, oògùn ìdílé benzodiazepine mẹ́ta, àti ọ̀kan tó ń fa oorun. Wọ́n ní àgbákò ni, kò mọ̀ọ́mọ̀ pa ara rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Ọdún 2016 ni àjọ FDA, tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, tó pàṣẹ pé kí wọ́n fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára òpíọ́ìdì àti benzodiazepine, pé kíkó méjèèjì pọ̀ lè pani.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí a lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn, ní òru, mo gbọ́ tí àbúrò mi ń hanrun. Híhanrun tó jinlẹ̀ ni, tó ń fà bí ayùn tó há sínú igi. Inú mi dùn. Mo ní ọpẹ́ ni, ọmọ yìí rí oorun sùn lónìí. Mo rọra fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé kí ìmọ́lẹ̀ má bàa dà á láàmú. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé irú híhanrun bẹ́ẹ̀, lára ẹni tó lo òpíọ́ìdì, lè jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí, pé ohun tí mò ń gbọ́ ni èémí tó ń wá ọ̀nà. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló mú mi padà. Nígbà tí mo tan iná, ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Mo pè é, mo gbá a lójú, mo fi ìka ró egungun àyà rẹ̀, kò mira. Ẹni tí mo pè lórí fóònù ló ń sọ fún mi bí màá ṣe gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, tí màá di imú rẹ̀, tí màá máa mí sí i lẹ́nu. Mò ń mí sí i lẹ́nu, mo sì ń rántí pé mo fa ilẹ̀kùn dé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó dé fún un ní naloxone. Naloxone ń lé òpíọ́ìdì kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú ọpọlọ, àyà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Àmọ́ kò jí. Mo ń pariwo pé kí wọ́n fún un sí i, kí wọ́n fún un sí i. Ọ̀kan nínú wọn ló fọwọ́ kàn mí léjìká, tó ní èémí ni àwọn ń wá, èémí sì ti dé. Oògùn oorun àti ọtí ló kù lára rẹ̀, naloxone kò sì mọ ìyẹn. Tí ẹ bá wà pẹ̀lú ẹni tó ń lo nǹkan wọ̀nyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ fún un ní naloxone bí ẹ ò tilẹ̀ mọ ohun tó lò, ẹ pe ẹni tó lè gbà á là, ẹ máa mí sí i lẹ́nu, ẹ sì máa wo àyà rẹ̀. Tó bá ń mí àmọ́ tí kò jí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀.

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, àdàpọ̀ tí ẹni mọ̀ pé òun ń ṣe ni. Ìyẹn tí kò mọ̀ ń kọ́? Láti nǹkan bí ọdún 2013 ni fentanyl ti ń wọ inú heroin tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn náà ó wọ inú ayédèrú hóró oògùn. Fentanyl lágbára, àmọ́ kì í pẹ́ kó tó kúrò lára, làwọn tó ń tà á bá ń po xylazine mọ́ ọn kó lè pẹ́. Oògùn tí wọ́n fi ń mú ẹran ọ̀sìn sùn ni xylazine. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ sí i fún ènìyàn, naloxone ò sì ran òun náà. Ó ń fa ọgbẹ́ tó ń jẹra, nígbà mìíràn níbi tí abẹ́rẹ́ ò tilẹ̀ kàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà kéde àdàpọ̀ yìí bí ewu tuntun fún orílẹ̀-èdè náà. Láti 2021 sí 2023, àpọ̀jù oògùn pa ènìyàn tó lé ní 100,000 lọ́dọọdún níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà kì í sì í ṣe oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá nínú ẹ̀jẹ̀ òkú. Ẹni tó ra ọ̀kan gba mẹ́ta. Tó bá yá, ara rẹ̀ á mọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà á sì máa wá ohun tí kò béèrè fún tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ṣì ń bínú sí. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì yìí, a ti lọ síbòmíràn. Níbẹ̀, wọ́n yẹ ìtọ̀ àbúrò mi wò, wọ́n rí oògùn oorun nínú rẹ̀, wọ́n ní kó lọ fi ìyẹn sílẹ̀ ná kó tó padà wá gba methadone, òpíọ́ìdì tí wọ́n fi ń tọ́jú bárakú òpíọ́ìdì. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé kó lọ fọ ọwọ́ wá. Ẹni tó ti ń lo benzodiazepine lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ ò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Methadone àti oògùn ìtọ́jú bíi rẹ̀, buprenorphine, sì wà lára ohun tó ń dín ikú kù jù lọ fún ẹni tí òpíọ́ìdì ti di bárakú fún. Ní ọdún 2017, FDA fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n má ṣe fi oògùn méjèèjì yìí du ẹni tó ń lo benzodiazepine, torí pé ewu kí ó wà láìní ìtọ́jú sábà máa ń ju ewu àdàpọ̀ lọ. Kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ dáadáa ni. Àbúrò mi padà sílé lọ́jọ́ náà. Alẹ́ tí mo fa ilẹ̀kùn dé wáyé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mi ò ní gbà láéláé pé méjèèjì ò tan mọ́ra.

Nọ́ọ̀sì tiwa ò ní kó kọ́kọ́ fi ohunkóhun sílẹ̀. Bébà yẹn ló mú, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Dókítà fún un ní buprenorphine kí ó lè máa dìde láìsí ìbẹ̀rù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn oorun kù díẹ̀díẹ̀, ó sì gba oṣù mọ́kànlá. Ẹnìkan ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nípa ariwo irin yẹn. Kò sí oògùn kan tí wọ́n tíì fọwọ́ sí fún bárakú kokéènì, torí náà ètò ẹ̀bùn kékeré ni wọ́n fi sí ti lẹ́búlẹ́bú: bí àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ bá mọ́, ó gba nǹkan. Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó ṣiṣẹ́ ju gbogbo ariwo tí mo ti pa fún un lọ. Ọtí ló kọ́kọ́ lọ, láìjà, nígbà tí àlàfo tó ń dí kò sí mọ́. Ó ṣubú padà lẹ́ẹ̀mejì sí lẹ́búlẹ́bú. Nígbà kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, wọ́n fi mí sí iṣẹ́ alẹ́." Mo ṣí ẹnu láti bú u, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń bi í bóyá ọ̀gá rẹ̀ lè dá a padà sí ti ọ̀sán.

Títí di ìsinsìnyí, mo ṣì máa ń dìde lóru lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Kì í tì í pa mọ́. Mi ò sọ fún un rí pé mò ń wá. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe dúró sínú òkùnkùn tí mò ń tẹ́tí, mo gbọ́ tó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, wúkọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ là, tí ọ̀fun rẹ̀ ò sì yún un. Mo padà sórí ibùsùn mi.